Ilà Ojú Úùdù

Lára ògiri yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, úùdù kan wà níbẹ̀ tí n kì í tà. Àwọn tí ó bá wọlé máa ń wo àwọn yòókù, wọ́n á fọwọ́ pa ẹ̀yìn wọn tí ó ń dán, wọ́n á béèrè iye wọn. Ṣùgbọ́n bí ojú wọn bá dé orí èyí, wọn a dákẹ́ díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò dọ́gba. Ní apá ọ̀tún, ìlà igi rẹ̀ tín-ín-rín, ó sún mọ́ra bí irun tí a fi òòyà yà. Ní apá òsì, ìlà náà fẹ̀, ó jìnnà síra bí poro oko. Láàárín méjèèjì, pákó kẹta kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ju ti ìyókù lọ. Ẹnìkan bi mí léèrè rí bóyá ọmọ iṣẹ́ ni ó fi kọ́ ọwọ́. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé èmi ni ọmọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti ìlà tí ó wà lójú igi: ohun tí ó lè sọ fún wa nípa ohùn úùdù, àti ohun tí kò lè sọ. Káírò ni mo ti kọ́ ọ, mo sì san owó rẹ̀.

Al-ʿūd ni àwọn Lárúbáwá ń pe ohun-èlò orin yìí, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò sì ju igi lọ. Nígbà tí ó gba Andalusia wọ ilẹ̀ Yúróòpù, orúkọ rẹ̀ bá a lọ. Òun ni ó di luth ní èdè Faransé tí a kọ́ ní ilé-ìwé. Láti ara luth ni a sì ti rí luthier, tí í ṣe orúkọ ẹni tí ń ṣe ohun-èlò orin olókùn, bí onítọ̀hún kò tilẹ̀ fojú kan úùdù rí. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí ìdajì akèrègbè tí a là ní òòró, ṣùgbọ́n a kì í gbẹ́ ẹ: igi pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi iná tẹ̀ ni a ń fi àtè lẹ̀ mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn mọ́kànlá ni ó sábà máa ń ní: méjì méjì lọ́nà márùn-ún, àti ọ̀kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ wúwo jù lọ. Pákó pẹlẹbẹ tí ó bo ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń pè ní wajh, èyíinì ni ojú. Ọ̀rọ̀ náà yé mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí àwa náà ń pe ibi tí ìlù ti ń fọhùn ní ojú ìlù.

Kí ojú yìí tó lè fọhùn, ó gbọ́dọ̀ fúyẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ le. Nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí mìlímítà 2. Síbẹ̀, igi kékeré tí a so ìdí okùn mọ́ ni a lẹ̀ mọ́ ọn lára, àwọn okùn náà sì ń fà á tọ̀sán tòru pẹ̀lú agbára tí ó lé ní kílò 30. Pákó tí ó nípọn yóò gba ìyà náà, ṣùgbọ́n yóò yadi. Èyí tí ó tín-ín-rín jù yóò kọrin fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò jìn wọnú. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń wá igi ilẹ̀ òtútù, pàápàá jù lọ èyí tí àwọn Faransé ń pè ní épicéa, àti nígbà mìíràn kédárì. Épicéa kì í hù ní Íjíbítì. Láti orí àwọn òkè Yúróòpù ni pákó rẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ òkun wá.

Lórí àwọn òkè wọ̀nyẹn, ọdọọdún ni igi ń fi òrùka kan kún ara rẹ̀. Bí òtútù bá ti ń lọ, igi a yára dàgbà, a sì ṣe apá kan tí ó funfun, tí ó rọ̀. Bí ọdún bá ń rọ̀ lọ sí òpin, ìdàgbà rẹ̀ a falẹ̀, a ṣe apá tóóró kan tí ó dúdú, tí ó sì le. Nígbà tí yìnyín bá dé, a sùn. Òrùka ọdún wọ̀nyí ni a ń rí bí ìlà lójú pákó. Igi tí ó dàgbà níbi tí ó tutù gan-an kì í yára. Ìlà rẹ̀ a sún mọ́ra. Èyí tí ó rí ilẹ̀ ọlọ́ràá àti oòrùn púpọ̀ a ga kíákíá. Ìlà rẹ̀ a fẹ̀.

A kì í kàn la igi bẹ́ẹ̀ fún ojú úùdù. Bí a ti ń gé ọsàn sí ẹ̀là ẹ̀là, tí ọ̀bẹ ń kọjú sí àárín, bẹ́ẹ̀ ni a ń là á, kí àwọn òrùka ọdún lè nàró nínú pákó láti ojú dé ẹ̀yìn, kí wọn má ṣe dùbúlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ń tẹ́ pákó náà kí ìlà rẹ̀ bá okùn lọ ní òòró. Ní òòró yìí ni agbára igi wà. Pákó épicéa le ní òòró ju bí ó ti le ní ìbú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀. Ohùn ń sáré gba òòró rẹ̀ kọjá ní ohun tí ó lé ní mítà 5000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan; bí ó bá gba ìbú, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìyẹn lọ. Nítorí náà ni a fi ń lẹ àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́ ojú náà ní ìdábùú: wọ́n ń ran igi lọ́wọ́ níbi tí kò ti ní agbára tirẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ jù tàbí tí wọ́n tóbi jù, ohùn a fún. Bí wọn kò bá tó, ojú a tẹ̀.

Gbogbo èyí rọrùn láti kọ sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo gbà kọ́ ọ kò rọrùn.

Ẹ̀kọ́ Lárúbáwá ni ó gbé mi dé Káírò, gẹ́gẹ́ bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ débẹ̀. Owó tí wọ́n ń fún mi kì í jẹ́ títí oṣù fi ń parí. Nítorí pé ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, ibi tí mo bá ti gbọ́ ìró ayùn ni mo ń yà sí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé òpópónà Muhammad Ali, tí ó ti ojúde Ataba lọ sí ìhà ibi tí odi àtijọ́ ìlú náà wà, níbi tí àwọn olórin ìgbéyàwó àti àwọn tí ń ṣe ohun-èlò orin ti jókòó láti ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Usta, bí wọ́n ti ń pe oníṣẹ́-ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ ní Íjíbítì. Ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò, ó fọwọ́ kan ibi tí ayùn ti sọ di líle, ó ní kí n máa bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọdún méjì ni mo fi gbálẹ̀, tí mo fi se àtè, tí mo fi tẹ igi lórí iná. Owó tí ó ń fún mi ni mo fi ń jẹun, òun ni mo sì fi ń ra ìwé.

Ní ọdún kẹta, ìyá Usta kú, ó sì lọ sí abúlé fún òkú rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn úùdù kan tí ó ti parí sílẹ̀. Ó ní kí n tọ́jú ilé iṣẹ́, kí n má sì lẹ ojú mọ́ ọn títí òun yóò fi dé. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ó ni iṣẹ́ náà wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin olórin ni, àkókò ìgbéyàwó sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun kò lè dúró. Àwa méjèèjì dúró níwájú pẹpẹ tí pákó wà, ó sì na ìka sí èyí tí ó lẹ́wà jù lọ. Ìlà rẹ̀ kò ṣeé kà tán, ó sì tọ́ bí ẹni pé a fi rúlà fà á. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mo rántí pé bàbá mi kì í fi pákó tí ìlà rẹ̀ wọ́ ṣe ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó lówó lọ́wọ́. Mo sì sọ fún ara mi pé bí Usta bá dé, tí ó bá iṣẹ́ náà ní píparí, inú rẹ̀ yóò dùn.

Mo la pákó náà sí méjì, mo ṣí i bí ìwé, mo so ó pọ̀ láàárín. Nígbà náà ni mo rí ohun kan. Apá kan ń dán bí ṣẹ́dà, èkejì ṣókùnkùn. Mo yí i padà sí ojú fèrèsé: èyí tí ń dán di òkùnkùn, èyí tí ó ṣókùnkùn ń dán. Mo rò pé ẹwà ni. Mo pe olórin náà kí ó wá wò ó, òun náà sì yìn ín.

Mo fá a títí ó fi tín-ín-rín bí èyí tí Usta ti fá kẹ́yìn. Mo fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́n yíká, kò yẹ̀ níbì kan. Mo lẹ àwọn ọ̀pá, mo lẹ ojú, mo ta okùn. Ohùn rẹ̀ kò burú ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n kò jinlẹ̀. Okùn tí ó tinrin ń dún bí agolo; èyí tí ó wúwo ń dún bí ẹni tí ó fi aṣọ borí sọ̀rọ̀. Mo ní yóò là bí ó bá pẹ́. Olórin náà san ìyókù owó rẹ̀, ó gbé e lọ.

Nígbà tí Usta dé, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò bú mi. Ó béèrè pákó tí mo lò, ó sì wo ibi tí pákó náà ti kúrò lórí pẹpẹ fún ìgbà díẹ̀.

Kò pé oṣù méjì tí olórin náà fi padà. Iwájú ibi tí a so okùn mọ́ ti jìn wọnú, ẹ̀yìn ibẹ̀ sì wú sókè. Okùn ti ga kúrò lọ́rùn úùdù débi pé ìka kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ti pàdánù òde méjì. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń pariwo kí gbogbo òpópónà lè gbọ́ pé ọmọ iṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ni Usta fi ba òun lówó jẹ́. Usta kà á lówó padà láti inú àpò ara rẹ̀. Iye náà tó ohun tí mo ń gbà ní oṣù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé bí ó bá lé mi ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀kọ́ mi ti parí nìyẹn, mo sì ti ń ro ohun tí n ó kọ sí bàbá mi.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ki ọ̀bẹ sínú iná, ó fi ṣí ojú úùdù náà kúrò. Ó gé etí rẹ̀ kan, ó nà á ró, ó gbé ẹnu ọ̀bẹ lé e lórí, ó sì fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo retí pé yóò là gẹ́gẹ́ bí ìlà rẹ̀ ti tọ́. Kò là bẹ́ẹ̀. Ó là ní ìdagẹ̀rẹ̀, ó sì ti ojú pákó jáde kí ó tó dé ìsàlẹ̀.

Usta ní, “Ìlà ni o wò. O kò wo iṣan.”

Ibẹ̀ ni ó ti là mí lóye. Bí igi kan bá ń dàgbà, ó lè máa lọ́ra yí ara rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹni tí ó là á ń fi ayùn lọ tààrà. Ìlà ọdún yóò tọ́ lójú pákó náà, yóò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n iṣan igi, èyí tí í ṣe agbára rẹ̀, yóò máa wọ inú lọ ní ìdagẹ̀rẹ̀, yóò sì máa gé kúrú. Nínú pákó tí mo lò, iṣan tí ó gba òòró láti ọrùn dé ìdí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n dà bí koríko tí a fi bo ilé, tí ọ̀kan gorí èkejì. Dídán tí mo pè ní ẹwà ni ó ń kìlọ̀ fún mi: ní apá kan, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sórí ẹ̀gbẹ́ iṣan, ní apá kejì, ó ń wọ ẹnu iṣan tí a ti gé. Pákó bẹ́ẹ̀ kò lè le tó bí èyí tí iṣan rẹ̀ gùn, bí nínípọn wọn tilẹ̀ dọ́gba. Èmi sì ti fi ìwọ̀n igi kan fá igi mìíràn.

Usta kò fún mi ní pákó tuntun. Ó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ àjákù. Láti inú rẹ̀ ni a ti ṣa àwọn mẹ́ta tí ẹ ń rí lára ògiri mi. A kọ́kọ́ la etí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá là tààrà ni a ń sọ sínú iná. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka méjì mú pákó lókè, ó fi àtàńpàkò kàn án ní àárín, ó ní kí n gbé etí sí i. Òmíràn ń dún “kó” bí èèpo búrẹ́dì, ó sì parí síbẹ̀. Òmíràn ń dún, ohùn náà sì ń dúró lẹ́yìn ìlù bí ti agogo. Èyí tí ìlà rẹ̀ fẹ̀, tí n kò bá fi ṣe ìdí àpótí, ni ohùn rẹ̀ pẹ́ jù lọ. Ó fúyẹ́, iṣan rẹ̀ sì gùn.

Ó gba irin ìwọ̀n lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ náà. Ó ní kí n máa fi àtàńpàkò méjèèjì tẹ pákó, kí n gbọ́ bí ó ti ń dá mi lóhùn, kí n fá a díẹ̀, kí n tún tẹ̀ ẹ́. Apá tí ìlà rẹ̀ sún mọ́ra le, nítorí náà a fá a jù. Apá tí ìlà rẹ̀ fẹ̀ rọ̀ ní ìbú, nítorí náà a fi í sílẹ̀ kí ó nípọn díẹ̀. Nígbà tí a parí, kò sí ibi méjì tí ìwọ̀n wọn bára mu, ṣùgbọ́n níbikíbi tí a bá tẹ̀, bákan náà ni ó ṣe ń fà sẹ́yìn lábẹ́ ìka.

Olórin náà wá. Ó gbé e lé itan, ó fi ìyẹ́ tí wọ́n fi ń ta okùn kàn án. Ó ta á pẹ́. Alájàpá tí ó ń ta kọfí ní ẹ̀gbẹ́ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Okùn tí ó wúwo ń dún láti ìsàlẹ̀ ikùn, èyí tí ó tinrin sì ń dún kedere láìgé etí. Nígbà tí ó dákẹ́, ó ní òun kò tíì mú irú rẹ̀ lọ́wọ́ rí. Lẹ́yìn náà ó wo ojú rẹ̀, ó ní òun kò lè gbé e lọ sí òde ìgbéyàwó: àwọn ènìyàn ń fi ojú rí kí wọ́n tó fi etí gbọ́, wọn yóò sì sọ pé alákìísà ni òun. Usta kò bá a jà. Ó ṣe òmíràn fún un. Èyí ni ó gbé lé mi lọ́wọ́, ó sì ń yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun tí mo ń gbà títí mo fi san án tán.

N kò wí pé ìlà kò wúlò. Ní ilẹ̀ wa, ilà ojú àwọn àgbà ń sọ ìlú tàbí ìdílé tí wọ́n ti jáde. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà a mọ ilé onítọ̀hún. Kò lè torí bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá olóòótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ti igi. Ìlà tí ó sún mọ́ra tí ó sì dọ́gba ń sọ pé igi náà dàgbà ní pẹ̀lẹ́, àti pé ó ṣeé ṣe kí líle rẹ̀ dọ́gba láti etí dé etí. Èyí ń dín iṣẹ́ oníṣẹ́ kù. Ohùn nìkan ni kò lè ṣèlérí. Ìdílé Nahat ti Dàmásíkù, tí orúkọ wọn túmọ̀ sí agbẹ́gilére, ṣe úùdù tí àwọn oníṣẹ́ òde òní ṣì ń wò kọ́ṣẹ́. Mo sì ti rí úùdù àtijọ́ púpọ̀ tí ojú wọn jẹ́ pákó mẹ́rin tàbí márùn-ún tí a so pọ̀, tí ìlà wọn kò bára mu, tí ẹni tí ń ta á kò sì bìkítà. Igi kò tilẹ̀ dá nìkan ṣe é. Àwọn ọ̀pá abẹ́, ibi tí a so okùn mọ́, okùn fúnra rẹ̀, àti ọwọ́ olórin, gbogbo wọn ní ìpín. Irú úùdù tí Munir Bashir ti Ìráàkì ta nígbà ayé rẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni a so ìdí okùn rẹ̀ mọ́, okùn sì kàn ń gba orí igi tí a kò lẹ̀ kọjá. Nítorí náà ìyà tí ojú rẹ̀ ń jẹ yàtọ̀, ohùn rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Nígbà tí mo padà sí Àjàṣẹ́, bàbá mi ṣì wà láyé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Mo gbé úùdù náà fún un. Kò wo ojú rẹ̀. Ó fi ìka wá ihò rẹ̀, ó pa etí pákó níbi tí a ti gé e, bí ẹni tí ń ka ìwé. Lẹ́yìn náà ó kàn án pẹ̀lú àtàńpàkò, ó tẹ́tí.

Mo bi í pé, “Bàbá, kí ni ẹ ń wá?”

Ó ní, “Ìdí pákó ni à ń wò, ọmọ mi. Ojú rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ tà á ló ń fi hàn ọ́.”

Gbogbo ìgbà èwe mi ni mo ti ń rí i tí ó ń tẹ̀ ba lé ìdí pákó ní ọjà gẹdú kí ó tó náwó, tí ó ń kàn án. Mo rò pé àṣà àgbàlagbà ni, bí ẹni tí ń họ orí. Ìdí nìyí tí mo fi lọ sanwó ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì ní òpópónà Muhammad Ali. Mo sọ ìtàn olórin náà fún un ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì béèrè bóyá Usta ṣì wà láàyè, kí n bá òun kí i.

Lóde òní, àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi àwòrán pákó ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, láti Kétu, láti Kútọnu, wọ́n á ní kí n yan èyí tí ó dára. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé n kò lè fi àwòrán yàn án. Ẹ bẹ ẹni tí ń tà á kí ó jẹ́ kí ẹ la etí rẹ̀ kékeré kan. Bí ó bá kọ̀, ẹ kàn án, kí ẹ tẹ́tí. Ẹ yí i sí ìmọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, bí ó bá sì ń pa àwọ̀ dà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń ṣe férémù àwòrán. Àwọn mìíràn ń béèrè igi ilé. Mo ti fi tẹ́ẹ̀kì gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì: ìlà rẹ̀ hàn kedere, ṣùgbọ́n ó wúwo, epo inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí àtè mú dáadáa, ohùn rẹ̀ sì ń kú kíákíá. N kò tíì jáwọ́.

Bí ọyẹ́ bá dé, igi a sún kì ní ìbú, ojú úùdù ara ògiri náà a sì lanu tín-ín-rín níbi tí pákó pupa ti pàdé èyí tí ìlà rẹ̀ fẹ̀. Mo máa ń fi àtè díẹ̀ dí i. Bí òjò bá sì dé, a tún pa dé. Bí àlejò bá tún bi mí léèrè nípa ojú rẹ̀, n kì í ṣàlàyé mọ́. Mo máa ń sọ ọ́ kalẹ̀, n ó gbé e lé wọn lọ́wọ́, n ó sì ní kí wọ́n ta okùn tí ó wúwo jù lọ.